Ojú Ọnà Nínú Ìwé: Bruce Onobrakpeya àti Àwòrán Inú Ìwé Ọmọdé ní Nàìjíríà

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ní agbo ilé àwọn agbẹ́gilére, òwe yìí kan ojú bí ó ti kan ọwọ́. Kí Làmídì Fákẹ́yẹ tó lọ bá George Bándélé ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ igi gbígbẹ́. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ń wo ère kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀; ibẹ̀ ni ojú ọnà rẹ̀ ti ń là. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ tí a kò bí sí ilé ọnà ti rí ojú ọnà tirẹ̀? Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ìwé ni.

Ìtàn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ jù kò dáhùn ìbéèrè náà tán. Àìná Ọnàbólú padà dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ó sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Èkó. Kenneth Murray dé ní 1927. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni iṣẹ́ wọn dé ọ̀dọ̀ jù. Àwòrán tí ọmọ kékeré ń rí ni ti ìwé kíkà bí Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, níbi tí àwòrán ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ọ̀gá; àwòrán ni ìránṣẹ́.

Bruce Onobrakpeya yí ètò yìí padà. Ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria Art Society, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n fẹ́ pa ọnà ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ìlànà òkèèrè. Òun ni ó ya àwòrán inú An African Night's Entertainment ti Cyprian Ekwensi (1962), ìwé tí a ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ní 1968, ó ya ti ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà. Òtítọ́ ni pé ìwé kejì yìí kọjá ti ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí ayàwòrán ń lépa hàn: àwòrán tí a lè dúró wò fún ara rẹ̀, kódà bí a kò bá tíì ka ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò dé ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà rí lè di iṣẹ́ ọ̀gá mú lọ́wọ́.

Mabel Segun, tí ó dá ẹgbẹ́ lítíréṣọ̀ ọmọdé Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1978, ṣe olóòtú ìwé Illustrating for Children (1988), tí ó fún àwòrán inú ìwé ọmọdé ní àyè tirẹ̀. Àwa onímọ̀ Yorùbá kò tíì fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. A ń tú gbólóhùn Fágúnwà palẹ̀, a sì ń ṣí ojú ìwé tí àwòrán wà kọjá. Bí a bá tún ìwé ọmọdé tẹ̀, tí a pààrọ̀ àwòrán rẹ̀, ìwé kan náà ni a ń pè é. Lójú ọmọ tí ó kọ́kọ́ fi ojú kà á, ìwé mìíràn ni. Nítorí náà, ó yẹ kí orúkọ ayàwòrán máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òǹkọ̀wé nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wa, kí a sì máa ka àwòrán gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀.