Ìgbànú Awọ: Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ìtàn láti Ọ̀yọ́ dé Ọ̀jọ́ Cantonment

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìgbànú. Ohun tí ó fà á kò le. Mo dúró lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ aránbàtà kan ní agbègbè Ọ̀jọ́ Cantonment, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, kí ó bá mi tún bàtà mi ṣe. Ìgbànú dúdú kan wà lórí itan rẹ̀, òwú funfun ni ó sì fi ń rán etí rẹ̀ yí ká. Mo ní ọ̀ṣọ́ rẹ̀ dára. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ọ̀ṣọ́ nìkan kọ́ o. Bí ẹ bá tú òwú yìí, ìgbànú náà á là sí méjì."

Ìdáhùn yẹn ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin àwa tí a kàwé nípa iṣẹ́ awọ. Èkíní ni pé ọnà tí a fi òwú ṣe sí ara awọ kò ju ẹwà lásán lọ. Èkejì ni pé iṣẹ́ Hausa ni iṣẹ́ awọ, àti pé oníbàárà lásán ni Yorùbá nínú rẹ̀. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú mi là sí, èyíinì ni ọ̀rọ̀. Ìgbànú ni ohun tí ó gba inú yí ká. Ìgbàdí ni èyí tí ó gba ìdí. Gbàjá sì ni ọ̀já tí obìnrin gbà mọ́ra. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ṣẹ̀dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí èyí tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; ẹ̀yìn wọn ni bẹ́líìtì tó dé. Nígbà tí a tẹ odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kó ipa ńlá nínú ìtumọ̀ rẹ̀, àmùrè awọ ni wọ́n pe ohun tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kò fi hàn pé awọ ni ìgbànú àwọn baba wa. Òótọ́ ni. Aṣọ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àmùrè àtijọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ibi tí ẹṣin lè gbé, ẹṣin ni ó sì gbé agbára Aláàfin ró. Nígbà tí Clapperton dé ibẹ̀ ní 1826, ó bá àwọn ẹlẹ́ṣin pàdé. Kò sí ẹlẹ́ṣin láìsí gàárì, kò sí gàárì láìsí ìjánu àti okùn awọ, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn láìsí ẹni tí ó mọ awọ gé, tí ó sì mọ̀ ọ́n rán. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ̀dó sí Àgọ́-Ọjà, iṣẹ́ awọ kò kú. Ó di ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí a fi mọ Ọ̀yọ́ tuntun títí di òní. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ka awọ ṣíṣe mọ́ àwọn iṣẹ́ tí Yorùbá ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Joan Wescott àti Peter Morton-Williams kọ odindi àpilẹ̀kọ ní 1962 lórí làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń gé àwòrán awọ sí lára. Ẹni tí ó bá ti rí làbà àtijọ́ kan yóò mọ̀ pé ọwọ́ tí ó ṣe é kì í ṣe ọwọ́ oníbàárà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ìgbéraga sọ ìtàn nù. Heinrich Barth wà ní Kánò ní 1851, ó sì kọ̀wé nípa awọ àgùntàn tí wọ́n fi omi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa, tí àwọn oníṣòwò ń gbé jáde nílùú náà. Awọ ewúrẹ́ pupa ti agbègbè Ṣókótó gba aginjù Sàhárà kọjá dé Mòrókò, àwọn ará Yúróòpù sì sọ ọ́ ní awọ Mòrókò nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tuntun nínú kí á fi orúkọ ọjà pe iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn! Lójú tèmi, awọ àti ọgbọ́n rẹ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láàrin Kánò, Nupe àti Ọ̀yọ́, olúkúlùkù sì fi ojú ọnà tirẹ̀ kún un.

Ìgbàdí ni ó bá ọ̀rọ̀ aránbàtà mi mu jù lọ. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ológun àti ọdẹ a máa so ìgbàdí mọ́ ìdí: oògùn ni ó wà nínú, awọ ni ó bò ó, òwú tàbí ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a sì fi rán ẹnu rẹ̀ pa. Bí ojú rírán bá tú, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ni yóò wá sọ fún irú ológun bẹ́ẹ̀ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni rírán?

Ní etí òkun ńkọ́? Ọ̀jọ́ jẹ́ ìlú Àwórì, ilẹ̀ ọ̀sà àti àgbọn. Eṣinṣin tí ń pa ẹṣin àti màlúù pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ń mú kí awọ bu. Kò yani lẹ́nu pé aṣọ ni wọ́n fi ń di ìdí. Ológun ni ó mú ìgbànú awọ gbilẹ̀ ní agbègbè yìí. Ní nǹkan bí 1863, Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Hausa jọ ṣe ọlọ́pàá ológun. Láti 1897 ni Lugard kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force jọ. Ọ̀já aṣọ pupa ni àwọn ọmọ ogun náà ń dì mọ́ inú ní ọjọ́ ayẹyẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò dúró ti awọ: ìgbànú awọ tí wọ́n ṣe fún ọmọ ogun ní 1903 kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì fi òwú híhun rọ́pò rẹ̀ ní 1908. Awọ ṣì kù lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun, nínú ìgbànú olókùn èjìká tí a fi orúkọ Sam Browne pè, ọ̀gá ológun tí ó pàdánù apá òsì rẹ̀ lójú ogun ní Íńdíà ní 1858, tí ó sì nílò ohun tí yóò gbé idà rẹ̀ ró. Àwọn ọ̀gágun Nàìjíríà ṣì ń so irú rẹ̀ ní ọjọ́ ayẹyẹ.

Nínú Ọ̀jọ́ Cantonment ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Ordnance ti àwọn ọmọ ogun wa wà, ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ohun ìjà, aṣọ àti ìgbànú. Ẹ wo bí ó ti rí: èyí tí ìjọba pín wà nínú ọgbà, èyí tí a fi ọwọ́ rán wà lẹ́yìn ògiri. Kò sì jìnnà sí Alábà Rago, ọjà tí orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Hausa wá, nítorí rago ni wọ́n ń pe àgbò.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ aránbàtà náà ní ìgbà mẹ́ta, mo sì wo bí ó ti ń ṣe é. Awọ ẹ̀yìn màlúù ni ó ń yàn. Ó ní awọ ikùn a máa fà, kò sì ní pẹ́ gùn ju oníwà lọ. Ó gé ọ̀já méjì gígùn, ní fífẹ̀ ínǹṣì kan àbọ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó fi irin fa ojú ìlà tóóró sí etí awọ, kí òwú lè rì sínú rẹ̀, kí aṣọ àti ògiri má baà máa họ ọ́. Ó fi òlu, irin ṣóńṣó oníga igi, lu ihò mẹ́fà sí ínǹṣì kan. Ó gé òwú tí ó gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ibi tí yóò rán, ó fi ìda oyin pa á, ó sì fi abẹ́rẹ́ sí orí méjèèjì. Ihò kan náà ni abẹ́rẹ́ méjèèjì ń gbà, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì.

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òwú méjì ni ẹ̀rọ ìránṣọ ń lò, tí ọ̀kan kọ́ ọ̀kan ní àárín awọ. Bí ọ̀kan bá já, èyí tí ó tẹ̀ lé e lè máa yọ. Òlu oníkọ́ tí àwọn aránbàtà fi ń rán bàtà náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó mú kí ọkùnrin yìí má lò ó fún ìgbànú. Nínú rírán abẹ́rẹ́ méjì, bí apá kan bá já, apá kejì ṣì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń dì í mú. Ọnà tí ojú rí ni iṣẹ́ tí ojú kò rí. Bí ó bá sì fẹ́ ọ̀ṣọ́ sí i, yóò fi ìlà rírán kejì ya igun ní àárín, irú igun tí mo ti rí lára tìmùtìmù Ọ̀yọ́. Mo bi í ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun kọ́ òun, òun kò sì bi ọ̀gá léèrè.

Ohun tí ó ń dùn ún kì í ṣe ẹ̀rọ, awọ ni. Ó ní pọ̀nmọ́ ni ó ń bá òun du awọ màlúù, ìkòkò ọbẹ̀ sì ni ó ń borí. Èmi tí mo jẹ pọ̀nmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò lè dá a lóhùn. Ó tún ní ọmọ iṣẹ́ tí òun ní kẹ́yìn ti lọ máa gun ọ̀kadà.

Ó rán ihò mẹ́ta ìkẹyìn padà sẹ́yìn kí òwú má baà tú, ó gé e, ó fi igi ra etí awọ títí ó fi ń dán. Ó lu ihò márùn-ún sí orí rẹ̀, ó ní àárín gbọ̀ngbọ̀n ni ó yẹ kí ó bá oníwà mu, kí ààyè wà fún sísanra àti rírù. Ó nà án sí mi pé kí n gbé e sí ìdí wò. Ihò kejì ni mo so ó sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa jẹun.