Aláboyún, ìṣísẹ̀ mélòó ló tó lójúmọ́?

Oyún àbúrò mi obìnrin ti pé oṣù mẹ́rin nígbà tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹkún ló ń sun. Àyà mi já. "Ẹ̀gbọ́n mi, 3,800 péré ni mo rìn lónìí." Fóònù rẹ̀ ló ń ka ìṣísẹ̀ fún un, 10,000 ló sì fojú sùn. Ó ti ń sanra, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ṣé ẹ mọ ibi tí 10,000 yẹn ti wá? Kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà o. Lọ́dún 1965 ni ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànì gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Manpo-kei, ìyẹn ẹ̀rọ ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni.

Ìṣẹ́jú ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń kà fún aláboyún: ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn, ẹ sì lè pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ rìn débi tí èémí á yára díẹ̀, àmọ́ tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ geere.

Ti kílò ńkọ́? "Jẹun fún ẹni méjì" táwọn ìyá wa ń sọ ló ń kó wa síyọnu. Ẹ mú kílò tí ẹ wọ̀n kí ẹ tó lóyún, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. BMI yín nìyẹn. Lọ́dún 2009, Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà sọ pé tó bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, tó sì jẹ́ ọmọ kan lẹ gbé, kílò 11.5 sí 16 ló yẹ kó kún un títí dìgbà ìbímọ. Ẹni tó wà ní 25 sí 29.9, kílò 7 sí 11.5. Láti 30 lọ sókè, 5 sí 9. Ẹni tí kò tó 18.5, 12.5 sí 18. Àsìkò oyún kì í ṣe àsìkò tí èèyàn ń wá bó ṣe máa rù o.

Fóònù náà ò mọ gbogbo nǹkan. Tó bá wà lórí tábìlì, kò ní ka ìrìn yín. Tí dáńfó bá ń gbò yín nínú kòtò, ó lè kà á mọ́ ìṣísẹ̀. Ẹ wo iye tí ẹ ń rìn lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi, tí òòyì ń kọ́ yín, tí àyà ń dùn yín, ẹ dúró, ó di ọsibítù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tí ibi ọmọ dí ẹnu ilé ọmọ rẹ̀, kó bi dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń rìn lọ sí bọ́sítọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àlọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Tí iná bá wà, fóònù máa ń wà nílé, wọ́n ń chájì ẹ̀.