Ọmọ Tí A Ní Ara Rẹ̀ Kọ Pẹnisílìn

Bí ẹ bá bá àwọn abiyamọ sọ̀rọ̀ ní Itamaga ní Ìkòròdú, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹni tí yóò wí pé, "Ara ọmọ tèmi kọ pẹnisílìn." Ẹ bi í léèrè pé ta ni ó yẹ ọmọ náà wò, yóò ní ara rẹ̀ ni ó sú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1928, ní ilé-ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming ṣàkíyèsí pé ohun kan tí ó hù sínú àwo rẹ̀, bí irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá ti bu, ń pa kòkòrò àrùn. Florey àti Chain ní Oxford ni wọ́n sọ ọ́ di oògùn. Láti 1952 títí di 1964, àjọ WHO àti UNICEF gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kiri ilẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta, Nàìjíríà ń bẹ nínú wọn, láti lé àrùn egbò tí à ń pè ní yaws. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan péré, egbò ọmọ a gbẹ! Èmi rò pé láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa ti fẹ́ràn abẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba, ara náà kò sì dọ́gba. Dókítà ọmọdé kan ní Vienna, Clemens von Pirquet, ti rí i tẹ́lẹ̀ pé oògùn tí ń wo ọmọ kan sàn lè mú kí ara ọmọ mìíràn wú, kí ó sì máa yún un. Òun ni ó fún un ní orúkọ náà, allergy, ní 1906. Nígbà tí pẹnisílìn dé, a rí àwọn tí ọ̀fun wọn dí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn sì kú. Nítorí náà ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán.

Àwa sì ní ìdí tiwa. Kí ìjọba tó fi chloroquine sílẹ̀ ní 2005 gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà àkọ́kọ́, ta ni kò mọ ẹni tí ó ń họ ara títí ilẹ̀ fi mọ́ lẹ́yìn tí ó lò ó? Ìyún-ara náà kì í ṣe allergy gan-an, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa láti máa fi ojú burúkú wo oògùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn ọmọdé púpọ̀ ń mú kí ara sú fúnra rẹ̀. A fún ọmọ ní oògùn lónìí, ara sú lọ́la, ẹ̀bi àìsàn sì di ẹ̀bi oògùn.

Kí ni ó burú níbẹ̀? Ẹ wo ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé pẹnisílìn ojoojúmọ́ ń gba irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò tí ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá ti kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ààbò náà bọ́ nìyẹn.

Bí dókítà yóò bá dán ọmọ wò, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀: oògùn wo ni? Wákàtí mélòó lẹ́yìn tí ó lò ó? Ojú wú bí? Mímí ha ṣòro bí? Bí ó bá jẹ́ pé ara sísú lásán ni, yóò fún un ní ìwọ̀n díẹ̀, yóò dúró, yóò sì fún un ní ìyókù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adrenaline nítòsí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán èyí wò nílé! Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dí rí, ọ̀nà mìíràn ni a ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò, a lè fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún awọ ara rẹ̀ díẹ̀.

Ní Montreal ní Kánádà, wọ́n dán ọmọ 818 wò báyìí pẹ̀lú amọ́sílìn, ọmọ ìyá pẹnisílìn, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 2016. Kò ṣe 770 nínú wọn ní nǹkan kan. Mẹ́tàdínlógún ni ara wọn kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà. Ti àwọn wọ̀nyí gan-an kì í ṣe títí ayé dandan, nítorí nínú ẹni mẹ́wàá tí àyẹ̀wò awọ bá mú, bí ẹni mẹ́jọ ni ó máa ń kúrò lára wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a sì lè tún wọn yẹ̀ wò.