Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìjọ Àgùdà: Láti Ojú Ìjọ dé Etí Àlùfáà

Ní àwọn ọ̀rúndún àkọ́kọ́ ìsìn Kristi, ojú gbogbo ìjọ ni ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀ ńlá, irú bí ìpànìyàn, panṣágà tàbí sísẹ́ ìgbàgbọ́, ti máa ń ronú pìwà dà: bíṣọ́ọ̀bù yóò yà á kúrò láàrin àwọn tó ń gba Ara Olúwa, yóò wọ aṣọ ọ̀fọ̀, yóò sì máa gbààwẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọn yóò gbà á padà. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni ni àǹfààní yìí wà, ọ̀pọ̀ ló ń fi í falẹ̀ títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland ló yí ètò náà padà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹlẹ́ṣẹ̀ lè tọ àlùfáà lọ ní kọ̀rọ̀ nígbàkígbà, àlùfáà yóò sì wo ìwé tí wọ́n kọ ìtánràn ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Nínú ìwé tí wọ́n mọ̀ mọ́ Columbanus, tó kú ní 615, ẹni tó bá ṣe aládùúgbò rẹ̀ léṣe níbi ìjà gbọ́dọ̀ san gbogbo ohun tó bàjẹ́. Bí kò bá lówó, yóò máa bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ kò bá yá, yóò sì wá oníṣègùn fún un, kí ó tó wá fi ogójì ọjọ́ jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú omi lásán. Ibí yìí gan-an ni ìwúlò ìjẹ́wọ́ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́ ti hàn jù lọ, nítorí pé ìdáríjì kò yọ ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú gbèsè tó jẹ ẹni tó ṣẹ̀.

Ní 1215, àpérò ńlá tí Póòpù Innocent Kẹta pè sí Lateran ní Róòmù sọ àṣà yìí di dandan: gbogbo onígbàgbọ́ tó bá ti mọ rere yàtọ̀ sí búburú gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún àlùfáà ìjọ rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Òfin kan náà de àlùfáà, torí pé èyí tó bá tú àṣírí yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì sé e mọ́ ilé àwọn mọ́ńkì títí ayé rẹ̀. Apá kejì yìí ló yẹ kí a yìn jù, nítorí láìsí ìdánilójú pé ọ̀rọ̀ kò ní jáde, ta ni yóò tú inú rẹ̀ fún ẹni tí yóò tún bá pàdé lọ́jà? Síbẹ̀, gbangba ṣọ́ọ̀ṣì ni àlùfáà ṣì ń jókòó sí, kí Carlo Borromeo, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Milan, tó pàṣẹ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1577 nípa kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n máa fi pákó kan àgọ́ ìjẹ́wọ́, kí ìgànná wà láàrin àwọn méjèèjì, kí ojú fèrèsé rẹ̀ sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí, kí ohùn lè kọjá, kí ọwọ́ má lè kọjá.

Bí ìjẹ́wọ́ ti wá rọ̀ mọ́ etí àlùfáà báyìí, ìlú tí kò bá ní àlùfáà kò lè ní in. Bí ọ̀ràn ti rí nìyẹn fún àwọn Àgùdà Èkó, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé pẹ̀lú ìsìn Kátólíìkì. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, ṣùgbọ́n nítorí pé kò gba oyè àlùfáà, kò ní àṣẹ láti dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Fádà Francesco Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní 1863, ó sì di 1868 kí àwọn fádà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, tí àwọn Àgùdà fi ní àlùfáà tó ń gbé àárín wọn, tó lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn.