Òwò Fàyàwọ́, Ìwé Ẹ̀bẹ̀ àti Ìjọba Ara-Ẹni: Ẹ̀kọ́ Láti Erékùṣù Man

Lónìí, mo fẹ́ mú wa jìnnà sílé díẹ̀. Erékùṣù kékeré kan wà nínú òkun tó wà láàárín England, Scotland àti Ireland. Isle of Man ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù Man ni n ó máa pè é. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 52 kìlómítà lọ, ìyẹn bí ẹni wí pé láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ìbú rẹ̀ níbi tó fẹ̀ jù kò ju 22 kìlómítà lọ. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, gbogbo ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá nítorí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba ara-ẹni, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olóṣèlú la sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀. Èmi gbà pé ibodè ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìlú gan-an, kó lọ wo ẹni tó ń gba owó bodè, kó sì wo ibi tí owó náà ń lọ. Ìtàn Man fi èyí hàn kedere.

Ní 1405, Ọba Henry Kẹrin ti England fi erékùṣù náà ta Sir John Stanley lọ́rẹ. Ìdílé Stanley ló jẹ́ olúwa ibẹ̀ títí di 1736, nígbà tó kọjá sọ́wọ́ ìdílé Murray, àwọn Duke ti Atholl ní Scotland. Ọba England ni olórí lókè o, ṣùgbọ́n Man kì í ṣe ara England. Ó ní òfin tirẹ̀, ó ní èdè tirẹ̀, ó sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tynwald. Nínú ìgbìmọ̀ yìí ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní House of Keys, àwọn ọkùnrin 24. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń pé jọ sórí òkìtì kan ní St John's láti ka òfin sí etí aráàlú. Wọ́n ń ṣe é di òní.

Owó bodè tirẹ̀ náà wà lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní England, owó orí tíì, tábà, wáìnì àti ọtí líle wọ́n bí ojú. Ní Man, owó táṣẹ́rẹ́ ni olúwa erékùṣù ń gbà. Oníṣòwò á kó ọtí láti ilẹ̀ Faransé tàbí tábà láti Amẹ́ríkà wọ Douglas tàbí Peel ní ọ̀sán gangan, á san owó bodè, á gba ìwé rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bó bá wá di òru, ọkọ̀ kéékèèké á kó ẹrù kan náà kọjá sí etí òkun Scotland, Ireland tàbí àríwá England, níbi tí oníbodè kankan kò ti ní rí i. Ó di fàyàwọ́ nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwa Yorùbá ló sọ ọ́ lórúkọ tó yé ènìyàn: kí ènìyàn fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí aṣọ́bodè má baà rí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń fàyà wọ́ nínú ìtàn yìí? Àwọn ará Man ní òwò lásán làwọn ń ṣe, pé ẹni tó bá ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ló mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ìjọba ní London ní olè paraku ni gbogbo wọn. Ẹrù kan náà ni, òkun kan náà sì ni. Ẹni tó ni bodè ló ń sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín òwò àti fàyàwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ìdìrókò àti Ṣẹ̀mẹ̀ dáadáa, mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá kan wà nínú òwò yìí tó kan ilẹ̀ wa tààrà. Àwọn ọkọ̀ Liverpool tó ń lọ ra ẹrú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń yà sí Man láti kó ẹrù. Ní àká Douglas ni wọ́n ti ń rí aṣọ India, ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀tù ìbọn àti ọtí tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ àwọn Dutch, nítorí pé ó dínwó ju ti England lọ. Àwọn ẹrù wọ̀nyí ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé àwọn oníṣòwò Man ń sunkún nítorí òwò wọn, ẹ rántí ohun tó wà nínú àká wọn. Òwe wa ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Níbí, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n tó ní ẹrú.

Ìjọba London ti ń wá ọ̀nà láti dí ihò yìí tipẹ́. Òfin kan ní 1726 ti fún Ilé Ìṣúra lágbára láti bá olúwa erékùṣù dúnàádúrà kí wọ́n sì ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọn ò rí i rà. Lẹ́yìn náà ni Ogun Ọdún Méje dé, láti 1756 sí 1763, gbèsè sì wọ ìjọba lọ́rùn. George Grenville tó jẹ́ olórí ìjọba ń wá owó kiri. Ní 1765, ọkùnrin yìí kan náà ló gbé òfin Stamp Act ka àwọn ará Amẹ́ríkà lórí, òun náà ló sì kọjú sí Man. Ọdún kan náà ni, gbèsè kan náà ló sì fà á. Amẹ́ríkà bínú, ó di ogun. Man kékeré, kí ló lè ṣe? Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti aráàlú rárá. Duke ti Atholl fúnra rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ Charlotte, ẹni tó jogún erékùṣù náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé wọ́n fẹ́ gba ohun ìní àwọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìjọba kò ní yẹ̀, wọ́n gbà láti ta á ní £70,000, pẹ̀lú £2,000 lọ́dọọdún títí ọjọ́ ayé wọn. Ó di òfin ní oṣù Karùn-ún ọdún 1765. Revestment ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé àṣẹ padà sọ́wọ́ adé. Òfin kejì tẹ̀ lé e láti pa òwò fàyàwọ́. Àwọn ará Man sọ ọ́ ní Mischief Act, òfin aburú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, wọ́n ta àsíá Ọba George Kẹta ní ààfin Castle Rushen. John Wood tó jẹ́ gómìnà fún Duke lánàá ló tún di gómìnà fún ọba.

Ta ló béèrè lọ́wọ́ àwọn 20,000 ènìyàn yẹn? Kò sí. Àwọn Keys rán aṣojú lọ sí London pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ wọn, òfin wọn àti òwò wọn lè bá a lọ. Wọn ò gba Tynwald lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì gba ilẹ̀. Ṣùgbọ́n owó bodè, tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìlú, ń lọ sí London láti ọjọ́ náà. Tynwald wà lórí òkìtì rẹ̀, ó ń ka òfin, kò ní kọ́bọ̀ tó lè fi tún èbúté ṣe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ èbúté kéré o. Àwọn tálákà Man kì í ṣe oníṣòwò ọtí, ẹja ṣáwá ni wọ́n ń pa. Ní 1786, ìjì wó èbúté Douglas, kò sì sẹ́ni tó tún un kọ́ bó ti yẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án 1787, ìjì ká àwọn apẹja mọ́ ojú òkun lóru. Wọ́n sá bọ̀ wá sí Douglas, èbúté tó yẹ kó gbà wọ́n sì ni ọkọ̀ wọn fọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò. Lọ́dún náà, owó bodè Man ṣì ń wọ àpò ìjọba London.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ní 1790, Duke tuntun, ọmọ ẹni tó ta erékùṣù, ní owó tí wọ́n san fún bàbá òun kéré jù. Àwọn Keys kọ̀wé takò ó. Ìjọba rán àwọn olùwádìí wá ní 1791, wọ́n sì gbé ìròyìn wọn jáde ní 1792. Kí ni èrè rẹ̀? Ní 1793, Duke náà gan-an ni wọ́n fi ṣe gómìnà! Ní 1805, àwọn Keys tún kọ̀wé, síbẹ̀ ilé aṣòfin fún Duke ní ìpín kan nínú mẹ́rin owó bodè erékùṣù náà. Nígbà tí ìjọba máa fi ra gbogbo ìyókù ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán ní òpin àwọn ọdún 1820, owó náà ti di £417,144. Ẹni tó ta ìlú lẹ́ẹ̀kan gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí wọ́n tà kò gba nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará Èkó, ó dá mi lójú pé ẹ ti ń rántí nǹkan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Queen Victoria lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú ọ̀sà. 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún ni wọ́n ṣèlérí fún un ní ìdípò owó bodè tó ń gbà. Òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀wé sí ọba obìnrin náà láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìyàtọ̀ ńlá wà o. Duke dúnàádúrà nínú ilé aṣòfin tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Dòsùmú dúnàádúrà lábẹ́ ẹnu ìbọn. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: wọ́n ra owó bodè lọ́wọ́ olórí, wọ́n gbé owó ìfẹ̀yìntì fún un, wọ́n sì ka aráàlú mọ́ ẹrù ọjà.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀: ta ni “àwa” tó wà nínú rẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn Keys ń sọ pé ohùn aráàlú ni àwọn. Bẹ́ẹ̀, ará ìlú kankan kò dìbò fún wọn. Bí ọ̀kan bá kú tàbí tó kúrò, àwọn ìyókù á mú orúkọ méjì wá, gómìnà á yan ọ̀kan, ó di tọjọ́ ayé. George Moore, olórí wọn nígbà Revestment, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò pàtàkì ní Peel. Nígbà tí irú wọn bá kọ “òmìnira wa”, èwo nínú rẹ̀ ni òmìnira, èwo sì ni àká ọtí? Méjèèjì ló wà níbẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ odindi.

Ẹni tó fi ìka kan ojú egbò yìí ni James Brown, akọ̀ròyìn tí ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ wà lára rẹ̀. Liverpool ni wọ́n bí i sí, ó sì dá ìwé ìròyìn Isle of Man Times sílẹ̀ ní 1861. Ní 1864, ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn Keys. Wọ́n pè é, wọ́n ṣe ẹjọ́ rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Castle Rushen. Àwọn tó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún kọ̀wé pé wọ́n ń fìyà jẹ àwọn! Kò bẹ̀ wọ́n. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ Queen's Bench ní London, wọ́n sì dá a sílẹ̀ pé àwọn Keys kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó padà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì gba owó ìtanràn.

Lẹ́yìn ìtìjú yìí, Gómìnà Henry Loch ri ọ̀nà lò. Ní 1866, London gbà pé owó bodè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó ìjọba àti £10,000 tí wọn yóò máa san sí London lọ́dọọdún, kí Man fi tún ìlú ara rẹ̀ ṣe, kí ó tún èbúté kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn Keys kọ́kọ́ gba ìbò. Ìdìbò àkọ́kọ́ wáyé ní 1867. Ní 1881, àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ àti àwọn opó tó ní ohun ìní gba ẹ̀tọ́ láti dìbò níbẹ̀, tipẹ́ kí England tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe lọ: owó bodè àti ìbò dé lọ́jọ́ kan náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ìwé ẹ̀bẹ̀ kò mú wọn wá, nítorí pé àwọn tó ń kọ̀wé fẹ́ owó bodè láìfẹ́ ìbò. Èkó náà rí i bẹ́ẹ̀: ẹjọ́ ni Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, fi ja ìjà ilẹ̀ títí dé Privy Council, tó sì borí ní 1921.

Ṣé ìwé ẹ̀bẹ̀ kò wúlò nìyẹn? Ó wúlò. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Látinú ẹkún inú ìwé wọ̀nyẹn la fi mọ iye tí wọ́n san, ẹni tó gbà á, àti ẹni tí wọn ò bi. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja 1787 kò fi ọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Bí ẹ bá rí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ ìlú yín kọ lónìí, lórí bodè, lórí epo tàbí lórí ìpínlẹ̀ tuntun, ẹ wo ìsàlẹ̀ ibi ìbuwọ́lùwé kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.

Ire o.