Owó Òde, Owó Orí, Owó Èésú: Orúkọ Owó gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn ní Agbègbè Savalou àti Bantè

1. Ìfáárà

Èdè Yorùbá sábà máa ń fi ohun tí owó dá lé sọ owó ní orúkọ. Owó tí oníbodè ń gbà ni owó ibodè. Ohun tí àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ni ìṣákọ́lẹ̀. Owó tí ìdílé ọkọ ń san nígbà tí wọ́n bá ń gbé ìyàwó ni owó orí ìyàwó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé ènìyàn náà wà láàyè, láìbéèrè ohun tó tà tàbí ilẹ̀ tó ń ro, orí ni èdè fi pe owó náà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn orúkọ wọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá wọn rìn, jẹ́ ẹ̀rí ìtàn tí a lè kà bí a ti ń ka ìwé àkọsílẹ̀. Agbègbè tí a mú ni Savalou àti Bantè, ìjọba ìbílẹ̀ méjì tó múlé gbe ara wọn ní ẹkùn Collines, ní orílẹ̀-èdè Benin. Òfin ọdún 1999 ló yọ Collines kúrò lára ẹkùn Zou. Ọ̀nà tó ti Dassa-Zoumé lọ sí Djougou ló gba inú ìlú méjèèjì kọjá. Savalou ni ìlú àwọn ọba Gbaguidi, ìlú àwọn Mahi, tí èdè wọn wà nínú ìdílé Gbè. Ní Bantè àti ní apá kan Savalou, Ìcà ni wọ́n ń sọ, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí H. B. C. Capo kó jọ pẹ̀lú Yorùbá sábẹ́ orúkọ Ede. Nítorí náà, èdè Gbè àti èdè Ede jọ ń ná ọjà kan náà, wọ́n sì jọ wà lábẹ́ òfin owó kan náà.

2. Owó kí franc tó dé

Owó ẹyọ ni owó tí àwọn baba ńlá wa ná, àmì rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára òǹkà wa. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Adolphus Mann ti ṣàlàyé ní ọdún 1887 bí òǹkà Yorùbá ṣe bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka owó ẹyọ mu. Ẹni tó bá ka ẹgbẹ̀rún franc ní ọjà lónìí ṣì ń pe igba ní ọ̀nà márùn-ún, nítorí igba àti àrún ni mọ́fíìmù méjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Gbígba owó lọ́wọ́ ará ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ìjọba Dànhọ̀mẹ̀, tó ń kógun ja ilẹ̀ Mahi léraléra, ní ètò owó gbígbà tirẹ̀. Nínú ìwé tí Melville Herskovits tẹ̀ jáde ní 1938, ó ṣàpèjúwe bí ààfin Àgbómẹ̀ ṣe ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣírò iye ènìyàn. Ní ti Yorùbá, nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, owó òde ni àwọn atúmọ̀ lò fún owó tí wọ́n ń san fún Késárì, agbowóòde sì ni ẹni tó ń gbà á. Òde ni ìta, níbi tí àṣẹ ọba ti ń múlẹ̀, tó yàtọ̀ sí inú ilé. Ọ̀rọ̀ náà sọ ibi tí owó ń lọ. Kò sọ orí ẹni tí wọ́n kà.

3. Kíka orí

Ní ọdún 1899 ni ìjọba Faransé gbé impôt de capitation kalẹ̀ ní Dahomey. Orí ni caput nínú èdè Látìn, ibẹ̀ sì ni capitation ti wá. Ọkùnrin san án, obìnrin san án, ọmọ tó ti dé ọjọ́ orí tí òfin dá náà wà nínú iye tí wọ́n ń kà. Èyí yàtọ̀ sí ohun tó wáyé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n ń bu owó lé. Abẹ́òkúta ni ibi tí a mọ̀ jù lọ pé obìnrin ti san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, ti dìde sí owó náà láti 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949.

Ìdí tí owó orí fi di dandan gbọ̀n-ọ́n fún àwọn aláṣẹ Dahomey wà nínú òfin mìíràn. Òfin 18 oṣù kẹwàá 1904 kó owó ẹnu ibodè, tó jẹ́ orísun owó pàtàkì fún Dahomey, lọ sínú àpò ìjọba àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé, tó wà ní Dakar. Ohun tó kù tí àwọn aláṣẹ ibílẹ̀ lè gbójú lé ni orí àwọn ènìyàn. Lọ́rọ̀ kan, nígbà tí owó ibodè lọ sí Dakar, owó orí ló kù nílẹ̀.

Láti gba owó orí, a gbọ́dọ̀ ka orí. Àṣà wa sì wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ti mọ òwe yìí yóò mọ ìdí tí ìwé orúkọ tí ọ̀gá àgbègbè ń béèrè fi jẹ́ ohun tí ọkàn ń kọ̀, kí a tó dárúkọ owó rárá. Ẹni tí kò bá sì san, òfin indigénat fún ọ̀gá náà láṣẹ láti fi í sẹ́wọ̀n láìgbé e lọ sílé ẹjọ́. Yàtọ̀ sí owó, wọ́n tún ń gba ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní prestations. Ọdún 1946 ni indigénat àti iṣẹ́ ipá kásẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn ènìyàn dáhùn. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí Faransé ń pè ní Holli, gbé ogun dìde ní 1914 sí 1915. Ní 1923, nígbà tí wọ́n fi kún owó orí, Porto-Novo àti àyíká rẹ̀ dàrú. Ìjọba kó ọmọ ogun dé, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin lọ sí Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn mìíràn fi ẹsẹ̀ dáhùn: A. I. Asiwaju fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 bí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń sá gba ẹnu ààlà kọjá sí Nàìjíríà nítorí owó orí, iṣẹ́ ipá àti ìkógun-jọ.

4. Láti ọwọ́ baálẹ̀ dé ọwọ́ baálé

Savalou jẹ́ ibùjókòó ọ̀gá Faransé fún àgbègbè rẹ̀. Ọ̀gá yìí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń béèrè lọ́wọ́ olórí kanton, olórí kanton ń béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀, baálẹ̀ sì ń béèrè lọ́wọ́ baálé. Àwọn olórí tó kó owó náà jọ ní ìdá tiwọn nínú rẹ̀. Bí orí tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá jẹ́ mẹ́sàn-án, tí ẹnì kan sì ti kú tàbí tó ti sá lọ, àwọn tó kù nínú ilé ló máa ń wá owó rẹ̀, títí ìwé yóò fi yí padà. Òfin ka orí, ṣùgbọ́n ilé ló san.

Èyí kan bí ilé ṣe ń náwó. Nínú ilé Yorùbá, àpò ọkọ yàtọ̀ sí àpò aya. Ọkọ ní oko, aya ní ọjà tirẹ̀, olúkúlùkù sì mọ ìnáwó tó jẹ́ tirẹ̀. Owó orí kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Baálé tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyàwó, ìyá àti àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó sọ ẹni tí yóò mú kí ni wá. Owó ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ìjọba. Iṣu kún inú àká, ẹ̀gẹ́ wà lóko, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ rí ẹni rà wọ́n. Ọkọ̀ ojú irin tó kúrò ní Cotonou dé Savè ní 1911. Ó gba Dassa-Zoumé, kò gba Savalou. Ẹni tó ń wá franc ní láti gbé ẹrù rẹ̀ bá a.

Nígbà tí ọjà wó káàkiri àgbáyé lẹ́yìn 1929, iye owó irè oko já wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó orí kò já bẹ́ẹ̀. Martin Klein àti Richard Roberts fi hàn ní 1987 pé ní àwọn ọdún 1930 wọ̀nyẹn, fífi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà tún gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé. Orí kan ń lọ sìn kí wọ́n lè rí owó orí àwọn tó kù san.

5. San àti dá

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Èésú ti wà kí owó orí tó dé Dahomey: Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe rẹ̀. Iye kan náà ni olúkúlùkù ń mú wá ní àkókò tí wọ́n dá, àpapọ̀ rẹ̀ sì ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léńtẹ̀lé. William Bascom náà kọ nípa rẹ̀ ní 1952. Ohun tí a fẹ́ kíyèsí ni bí a ṣe ń sọ ọ́:

(a) Ó dá èésú.
(b) Ó kó èésú.
(d) Ó san gbèsè.
(e) Ó san owó orí.

Dá, tó tún wà nínú dáwó àti dáwójọ, jẹ́ ti àwọn tó jọ ń ṣe nǹkan. Lẹ́yìn dá ni kó ń bọ̀, ẹnì kan náà sì ni olùwà gbólóhùn méjèèjì. Ní ti owó orí, san ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, bíi ti gbèsè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbà á, ẹlòmíràn ni, agbowó-orí ni orúkọ rẹ̀. Kò sí gbólóhùn tí ẹni tó san ti tún jẹ́ ẹni tó kó. Gírámà yìí pa ìrírí mọ́: owó tí a kò yá, tí a sì ń san bíi gbèsè.

6. Owó orí àti takwɛ́

Ní èdè Fọ̀n, tó bá èdè Mahi tan tímọ́tímọ́, takwɛ́ ni owó tí ìjọba ń gbà: ta ni orí, akwɛ́ sì ni owó. Ìtumọ̀ kan náà ni ti owó orí, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ dojú kọ òdìkejì. Nínú owó orí, ọ̀rọ̀ tí a ń yán, owó, ló ṣáájú; nínú takwɛ́, ẹ̀yán ló ṣáájú. Èdè kọ̀ọ̀kan fi òfin àkànpọ̀ tirẹ̀ kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bóyá ọ̀kan wo èkejì, bóyá méjèèjì wo capitation, bóyá kíkà tí wọ́n ń ka orí lójú gbogbo ènìyàn ló tó láti bí ọ̀rọ̀ méjèèjì, ibi kan náà ni wọ́n parí sí: àwọn tí wọ́n ń gba owó náà lọ́wọ́ wọn mọ ohun tí ó dá lé, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀.

7. Orúkọ àti òfin lónìí

Òfin ti yí padà, orúkọ kò yí. Ní Benin lónìí, taxe foncière unique dá lé ilẹ̀ àti ilé. Taxe professionnelle synthétique dá lé òwò: lábẹ́ ìwé òfin owó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà tí oníṣòwò kékeré tà láàárín ọdún, fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kò kọjá mílíọ̀nù 50 franc CFA. TVA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí a rà. Kò sí ọ̀kan tó dá lé orí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, nínú Yorùbá òde òní, owó orí ti di orúkọ fún gbogbo wọn, débi pé ní Nàìjíríà a ń gbọ́ owó orí ọjà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò. Orí inú rẹ̀ ti dákẹ́.

Gbígbòòrò ìtumọ̀ kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń ná ẹni tó ń sọ èdè náà. Ìyá tó ń ta gàrí ní Savalou, tí ìwé tí ó gbà jẹ́ èdè Faransé, tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún un pé owó orí ni, kò lè mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ yẹn bóyá ilé rẹ̀ ni wọ́n wò tàbí gàrí rẹ̀. Bí kò bá mọ ohun tí owó dá lé, kò lè bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, kò sì lè fi í sínú ètò ìnáwó ilé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ Bantè tó ń retí owó kajú rẹ̀.

Èdè ti fi ọ̀nà hàn wá tẹ́lẹ̀. Ibodè, ilẹ̀, orí: ohun tí owó bá dá lé ni a fi ń pè é. Ẹni tó bá ń túmọ̀ fún rédíò tàbí fún ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lè pe èkínní ní owó ilé àti ilẹ̀, kí ó pe èkejì ní owó òwò, kí ó sì pe ẹ̀kẹta ní owó orí ọjà rírà, níbi tí orí ti padà túmọ̀ sí lórí. Kí a fi owó orí gẹ́lẹ́ sílẹ̀ fún èyí tó ni ín: owó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 1899, tí wọ́n ń fi ìwé orúkọ gbà, tí ilé ń san nítorí òkú àti nítorí ẹni tó ti sá lọ.