POP

POP ni lẹ́búlẹ́bú funfun tí à ń rí nígbà tí a bá sun òkúta jípísọ́ọ̀mù, tí a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, plaster of Paris, wá láti ìlú Párísì, níbi tí wọ́n ti wa òkúta náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní òkè Montmartre. Ní Nàìjíríà, òkúta náà wà nílẹ̀ ní Nafada ní ìpínlẹ̀ Gombe àti Fika ní Yobe.

Kẹ́mísírì rẹ̀

Jípísọ́ọ̀mù, CaSO₄·2H₂O, gbẹ lójú, bẹ́ẹ̀ omi ló kó bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀. Ní ọdún 1765 ni Antoine Lavoisier, ọ̀dọ́mọdé onímọ̀ kẹ́mísírì, ṣàlàyé fún àwọn ọ̀mọ̀wé Faransé pé omi yìí ni iná ń lé jáde. Bí ooru bá tó nǹkan bí 150°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi náà á lọ. CaSO₄·½H₂O tó ṣẹ́kù ni POP. Tí omi bá tún kàn án, á kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀ sínú omi náà, kí kírísítálì jípísọ́ọ̀mù tó yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó, tí wọ́n á sì wọnú ara wọn títí wọn á fi le. Ó ń gbóná bó ṣe ń dì, ó sì ń wú díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kún gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù.

Àwọn tó ń ṣe àjà POP mọ èyí dunjú. Inú omi ni wọ́n ń bu lẹ́búlẹ́bú sí, wọn kì í da omi lé e lórí. Wọ́n sì máa ń fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó po òmíràn, nítorí pé èyí tó ti gan sí i lára ni kírísítálì tuntun máa fi ṣe ìpìlẹ̀. Kíá ni àpòpọ̀ á dì mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìlò

Wọ́n ń fi ṣe ṣọ́ọ̀kì àti mọ́ọ̀dù eyín. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ń lọ jípísọ́ọ̀mù díẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì kí ó má baà dì lójijì. Ògiri POP ń dá iná dúró fún ìgbà díẹ̀, torí iná ní láti kọ́kọ́ lé omi inú rẹ̀ jáde. Òrùlé tó ń jò ló ń bà á jẹ́.

Ní ti ẹsẹ̀ tó kán, Antonius Mathijsen, dókítà ológun ará Nẹ́dálándì, ló sábà máa ń gba oríyìn fún báńdéèjì POP ní ọdún 1851. Àwọn ará Rọ́ṣíà a máa dárúkọ Nikolai Pirogov, tó lò ó lójú ogun Crimea. Ó jọ pé kálukú wọn ló dá tirẹ̀ rò, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ṣì ń fa àríyànjiyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mọ́ọ̀dù ọwọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ri ọwọ́ bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì POP: ooru rẹ̀ lè jó ọwọ́ náà, kò sì ní rọrùn láti yọ.